Bàbá Àwòrán àti Òrùka Kìíní

Bó bá ṣe pé ìgbéraga ń tan iná ni, gílóòbù ilé Bàbá Àwòrán ì bá máa tàn títí ayé.

Ọkùnrin kúkurú. Irun orí ń sá sẹ́yìn, ikùn ń yọ síwájú. Láàárín méjèèjì, ẹnu.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní Bàbá Àwòrán. Ẹ má rò pé àwòrán tí wọ́n ń fi ọ̀dà kùn ni o. Àwòrán díìsìkì ni. Ṣé ẹ rántí àwọn kọ̀ǹpútà ìgbà kan, tí à ń so mọ́ tẹlifíṣàn, tí díìsìkì wọn rí pẹlẹbẹ, dúdú, tó ń fì bí etí ewúrẹ́? Àwọn díìsìkì náà ti ń darúgbó. Òmíràn ti hu. Ẹni tó bá fẹ́ gba ohun orí wọn là, á fi ẹ̀rọ kà wọ́n láti òkè délẹ̀, á kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan ṣoṣo bó ṣe wà gẹ́lẹ́, tàlàfo-tàlàfo. Fáìlì yẹn ni wọ́n ń pè ní àwòrán. Ó ní oríṣiríṣi: irú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní irú tirẹ̀, ìrù lẹ́tà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn orúkọ fáìlì la sì fi ń dá wọn mọ̀. Èyí tí Ẹgbẹ́ Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ ń lò, tọmọdé tàgbà ló ń lò ó. Kò ní olówó. Kò ní olórí. Ó kàn ń ṣiṣẹ́ ni.

Ohun tó ń dun Bàbá Àwòrán gan-an nìyẹn. Nǹkan tó ń ṣiṣẹ́, tí orúkọ òun kò sì sí lára rẹ̀.

Ó bá dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ìrù tó fún un: OBA.

Kí ni ìyàtọ̀ OBA sí ti tẹ́lẹ̀? Ẹyọ kan péré. Oríkì ẹni tó dá a sílẹ̀ wà níbẹ̀rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ tó parí rẹ̀, ó tẹ oríkì náà sórí ìwé, ó gbé e síwájú ìyàwó rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó. Ó ń múra iṣẹ́ lọ́wọ́, ẹsẹ̀ bàtà kan ló tíì wọ̀.

BÀBÁ ÀWÒRÁN, ỌBA LÓRÍ DÍÌSÌKÌ. ATÚFÁÌLÌ BÍ ẸNI TÚ ÒWÚ. A-RÍ-ÒRÙKA-MÁ-FI-SỌ́WỌ́. KỌ̀ǸPÚTÀ RÍ I, Ó KÍ I. KÍBỌ́Ọ̀DÙ RÍ I, Ó DỌ̀BÁLẸ̀.

"Bàbá wọn, kíbọ́ọ̀dù ti dọ̀bálẹ̀ kí ẹ tó dé."

"Kò lè yé ọ."

"Ta ló kọ ọ́?"

"Àwọn ènìyàn."

"Àwọn ènìyàn wo?"

"Àwọn tó mọyì mi."

"Ẹ̀yin àti ta ni?" Ó wọ bàtà kejì. "Ṣé ẹ ti ṣí fáìlì náà wò, pé kò ba nǹkan jẹ́?"

Bàbá Àwòrán rẹ́rìn-ín. Ó dá òwe kan lójú ẹsẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀: "Díìsìkì tí orúkọ mi kò sí lára rẹ̀, ìdérí ìkòkò ni."

Ìyàwó bá tirẹ̀ lọ. Ó ní àwọn aláìsàn tòótọ́ ń dúró de òun.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí oríkì náà jókòó sí, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Fáìlì irú èyí ní ìwọ̀n. Ẹ fi ẹyọ lẹ́tà kan kún un, ètò tó ń ṣí i á ní òun kò mọ̀ ọ́n rí. Oríkì kò wá lè dúró lásán níta. Ó gbọ́dọ̀ jókòó lé nǹkan lórí. Díìsìkì sì pín sí òrùka òrùka, bí ojú igi tí wọ́n gé. Òrùka márùndínlógójì. Àárín ni kọ̀ǹpútà yẹn ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù sí, á wá máa lọ sí etí díẹ̀díẹ̀. Òrùka kìíní, tó wà níta pátápátá, ìgbẹ̀yìn ni ẹrù ń kàn án.

Bàbá Àwòrán yẹ díìsìkì mẹ́wàá wò. Nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, òrùka kìíní ṣófo. Inú rẹ̀ dùn bíi ti ẹni tó rí ilẹ̀ òfìfo lẹ́bàá títì. Kò béèrè ẹni tó ni ín. Ó kọ́lé sí i.

Nípàdé ẹgbẹ́, ẹnì kan béèrè. Bàbá Aláago ni, akọ̀wé wọn, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan tó ń tún aago ọwọ́ ṣe, tí awò kékeré máa ń wà lójú rẹ̀ ọ̀tún bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn.

"Ọ̀gá, bí díìsìkì bá kún ńkọ́?"

"Ta ló ń kún díìsìkì?"

"Mo kàn ń béèrè ni, sà."

"Aago nìwọ ń tún ṣe. Aago kì í kún."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá Àwòrán rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ, ó sì pẹ́ kó tó dákẹ́. Bàbá Aláago kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Ó fa ìlà sí i nídìí.

Láti ọjọ́ náà ni oríkì ti ń sanra. Lóṣù kìíní, ìlà mẹ́rin. Nígbà tó di oṣù kẹta, ó ti kún òrùka kìíní dẹ́núdẹ́nu. Ti àwọn ọmọ ẹgbẹ́, tó ń bá wọn sọ fáìlì wọn di OBA, nìyẹn o. Ti ara rẹ̀ ńkọ́? Ta ló ń wọn oúnjẹ fún ara rẹ̀? Nígbà tó ń sọ díìsìkì tirẹ̀ di OBA, ó ní kí ètò náà máa tẹ oríkì lọ láìdúró, kó ṣáà má gbàgbé orúkọ kankan. Kò sì ṣí i wò. Ta ló ń já ìwé ẹ̀rí lára ògiri láti tún un kà?

Ó wá ku ohun kan tó ń wá. Àlága. Kì í ṣe àlága ọdún kan o, Àlága Títí Láé. Ó ti kọ àbá tí ẹgbẹ́ máa fọwọ́ sí ní Sátidé: kí gbogbo àwòrán di OBA, kí wọ́n pa irú ti tẹ́lẹ̀ rẹ́, kí wọ́n sì kan àwọn ògbólógbòó díìsìkì fúnra wọn mọ́ pátákó ńlá kan tó ń jẹ́ Pátákó Ògo. Ìṣó aláwọ̀ wúrà. Òun ti ṣáájú wọn: díìsìkì tirẹ̀ mọ́kànlá ti wà lórí pátákó náà, ìṣó láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní àárín gbùngbùn, Eré Adìyẹ, eré tó kọ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjìdínlógún, tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ìgbà náà láìmí. Ti Eré Adìyẹ, ìṣó méjì.

Ìṣó kan ṣì ṣófo. Ó ń wá díìsìkì tí yóò pa àwọn ènìyàn lẹ́kún.

Ọlọ́run ò ṣàì gbọ́. Ìyá Aránṣọ kanlẹ̀kùn.

Obìnrin àgbàlagbà ni, okùn ìwọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó yọ àpòòwé kan nínú báàgì, irú èyí tó ń kó àpẹẹrẹ aṣọ sí. Díìsìkì kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti fi bébà gọ́ọ̀mù aláwọ̀ fàdákà bo ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń gba ohun inú díìsìkì là."

"Mà, kì í ṣe pé mò ń gbà á là. Èmi gan-an ni ìgbàlà."

"Ẹ ṣeun, sà." Ó jókòó. "Ọkọ mi ló ni ín. Olùkọ́ ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń tẹ ìtàn ayé rẹ̀ sórí ẹ. Gọ́ọ̀mù yìí, òun ló lẹ̀ ẹ́. Ó ní bí wọ́n bá ti bo ihò yẹn, ẹnikẹ́ni ò lè kọ nǹkan míì lé ọ̀rọ̀ òun lórí."

"Hùn-ún." Bàbá Àwòrán ń wo àwòjìji ara rẹ̀ lójú tẹlifíṣàn tó kú.

"Àwa méjèèjì ní ìjà kan. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta la fi jà á. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé, ó wá ṣí agbòjò lé mi lórí. Ó ní òjò ń rọ̀. Mo ní irọ́ ni, òjò ti dá, ó kàn fẹ́ sún mọ́ mi ni. Ó ní èmi ni mo wọ abẹ́ agbòjò fúnra mi. Títí ó fi kú, sà, kò gbà. Ṣùgbọ́n ó ní òun ti kọ òtítọ́ sójú ìwé tó kẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà bàjẹ́. Òun náà lọ. Ọdún kẹta rèé. Mi ò mọ ohun tó kọ."

"Díìsìkì kan péré ló lò?"

"Ọkọ mi? Ẹni tó máa ń fún ọṣẹ ìfọyín títí ike rẹ̀ á fi máa bẹ̀bẹ̀? Ó ní kò sídìí láti ra ìkejì nígbà tí ti àkọ́kọ́ ò tíì kún."

Àwa gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ. Bàbá Àwòrán kò gbọ́. Opó ló ń gbọ́. Ẹkún ló ń gbọ́, àti àtẹ́wọ́. Ó ti ń rí ara rẹ̀ lórí ìtàgé, tó rọra gbé aṣọ ìnujú fún ìyá náà.

"Mà, ẹ ò ní kà á níbí. Ní gbangba ni, ní Sátidé. Èmi fúnra mi ni màá kà á síta fún yín. Lẹ́yìn náà, a ó kàn án mọ́ pátákó."

"Ẹ ó kan kí ni?"

"Díìsìkì yìí. Pẹ̀lú ìṣó wúrà."

"Ìṣó á dá a lu?"

"Mà, tí wọ́n bá ti ya àwòrán ènìyàn, kí ni wọ́n tún ń fi ènìyàn náà ṣe?"

Ìyá Aránṣọ wò ó láti òkè délẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ gé aṣọ fún un tó sì rí i pé aṣọ kò ní tó. Ó dá díìsìkì padà sínú àpòòwé.

"Màá wá, sà. Ṣùgbọ́n ẹ máa jẹ́ kí n gbọ́ ohun tó sọ ná, kí ìṣó tó wọlé."

Òjò rọ̀ ní àárọ̀ Sátidé. Bàbá Àwòrán gbé agbòjò dúdú ńlá kan dání, ó kó ẹ̀wù tó ní bọ́tìnnì méjìlá wọ̀. Gbọ̀ngàn náà wà lókè ilé ìtẹ̀wé kan. Bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá ti ń lọ nísàlẹ̀, àga á máa gbọ̀n. Ó tó ogójì ènìyàn tó wà níbẹ̀. Aṣọ funfun wà lára ògiri tí wọ́n máa tan àwòrán sí. Pátákó Ògo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, díìsìkì mọ́kànlá, ìṣó kan tó ń dán tó ń dúró.

Ó sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Ó dárúkọ ara rẹ̀ nígbà mọ́kàndínlógún. Bàbá Aláago kà á.

"Àwọn kan ń béèrè pé, 'Ṣé OBA ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé?' Ẹ wò mí! Mo kan ti ara mi mọ́gi! Ẹni tí kò bá dá ara rẹ̀ lójú kì í kan nǹkan rẹ̀ mọ́gi!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó gba díìsìkì lọ́wọ́ Ìyá Aránṣọ, ó ki í bọ ẹnu ẹ̀rọ. Krr. Krr-krr. Ó tó ìṣẹ́jú díẹ̀ kí fáìlì tó jáde. OBA. Ó yọ díìsìkì, ó sì ń lọ síbi òòlù.

"Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ná, sà," ni Ìyá Aránṣọ wí. Ó na ọwọ́. Gbogbo gbọ̀ngàn ń wò. Bàbá Àwòrán rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dá a padà fún un. Ìyá náà gbé e lé itan, ó fi ọwọ́ méjèèjì bò ó.

Ojú ìwé tó kẹ́yìn yọ sára aṣọ funfun. Bàbá Àwòrán wúkọ́ díẹ̀. Ohùn tó máa ń fi sọ̀rọ̀ nínú ilé ìwẹ̀ ló lò.

"'Ìyàwó mi, ọ̀rọ̀ agbòjò yẹn, òtítọ́ rẹ̀ rèé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi pamọ́ fún ọ.'"

Ìyá Aránṣọ tẹ orí síwájú.

"'Lọ́jọ́ náà, ẹnì kan ṣoṣo ni ojú mi rí nínú gbogbo èrò tó dúró síbẹ̀. Ẹni tó gbà mí lọ́kàn, tí mi ò lè gbójú kúrò lára rẹ̀ títí di òní, òun ni Bàbá Àwòrán, Ọba lórí Díìsìkì, Atúfáìlì bí ẹni tú...'"

Ó dúró. Ẹnu ṣì là.

Aṣọ funfun kò dúró. KỌ̀ǸPÚTÀ RÍ I, Ó KÍ I. KÍBỌ́Ọ̀DÙ RÍ I, Ó DỌ̀BÁLẸ̀. Ojú ìwé kún. Òmíràn tún kún.

Ìyá Aránṣọ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ̀yin ni ọkọ mi ń ṣí agbòjò lé lórí?"

Gbọ̀ngàn dàrú. Ẹnì kan jábọ́ lórí àga. Bàbá Àwòrán gbé ọwọ́ sókè. Ọgbọ́n ti tán, ṣùgbọ́n ẹnu ò tíì tán.

"Ẹ fara balẹ̀! Ẹ fara balẹ̀! Ó ṣeé ṣe kí... kí ọkọ yín ti gbọ́ nípa mi. Òkìkí mi ti kàn nígbà yẹn!"

"Àádọ́ta ọdún sẹ́yìn?"

"Òkìkí kì í ní ọjọ́ orí!"

"Ọmọ ọdún mélòó ni yín báyìí?"

"Mẹ́tàléláàádọ́ta."

"Ọmọ ọdún mẹ́ta, nígbà náà," ni Ìyá Aránṣọ wí. "Ó dáa tó bá ṣí agbòjò lé yín lórí. Ọmọdé kì í fara da òtútù."

Àwọn ará ilé ìtẹ̀wé dá ẹ̀rọ wọn dúró nísàlẹ̀, wọ́n fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Bàbá Aláago dìde. Ó ṣí ìwé rẹ̀ síbi tó fa ìlà sí. "Díìsìkì yìí kún," ló wí, jẹ́ẹ́jẹ́. "Nígbà tí díìsìkì bá kún, ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kọ gbẹ̀yìn ló máa ń bọ́ sí òrùka kìíní. Orí rẹ̀ gan-an ni oríkì jókòó lé." Ó yíjú sí Ìyá Aránṣọ. "Mà, ṣé mo lè yá a?"

Bàbá Aláago fi ìka kan gọ́ọ̀mù fàdákà, ó rí i pé ó ṣì lẹ̀ dáadáa. Krr. Krr-krr-krr. Irú fáìlì ti tẹ́lẹ̀ ló fi gbà á, èyí tí kò ní olówó. Bàbá Àwòrán dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ bí àgbá omi tó ti jò. Ó ń bẹ̀bẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé kó má ṣí. Ó bẹ òrùka kìíní, ó bẹ ìkejì.

Ó ṣí.

Ìyá Aránṣọ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á fún òun. Ó wọ awò ojú, ó sún mọ́ ògiri, ó ń fi ìka tẹ̀ lé e bí ẹni tó ń tẹ̀ lé ojú ìránṣọ.

"'...tí mi ò lè gbójú kúrò lára rẹ̀ títí di òní, ìwọ ni. Mo sì purọ́. Òjò ti dá kí n tó ṣí agbòjò. Ó ti dá pátápátá. Ìwọ lo jàre. Má ṣe fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ púpọ̀, díìsìkì ti kú...'"

"Ti kún ni," ni Bàbá Aláago wí. "Àyè ló tán fún un."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀!" Ìyá Aránṣọ ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi etí okùn ìwọn nu ojú. "Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un! Òjò ti dá! Ọkùnrin yìí!"

Ní àkókò yìí, àwọn tó kù ti sáré lọ bá fáìlì tiwọn lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé wá. Olórí akọrin kan ké: "Orin mi kẹrìnlá! Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ló bá di kíbọ́ọ̀dù rí i, ó dọ̀bálẹ̀!"

"Díìsìkì rẹ ńkọ́?"

"Ó wà nílé. Mi ò tíì kàn án."

"Tèmi náà wà nílé!"

"Ọlọ́run ló ní ká má tíì kàn án!"

Ẹnì kan ṣoṣo ló ti kàn án. Ojú ogójì ènìyàn yí díẹ̀díẹ̀ sí Pátákó Ògo. Díìsìkì mọ́kànlá. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé wà lẹ́yìn wọn, ó ń yọ lẹ́bàá ìṣó.

"Ọ̀gá," ni Bàbá Aláago wí, kò sì sí yẹ̀yẹ́ lóhùn rẹ̀, èyí tó mú kó burú sí i. "Ẹ jẹ́ ká ṣí Eré Adìyẹ yín wò."

"Kò pọn dandan."

"Ẹ ní ẹni tí kò bá dá ara rẹ̀ lójú..."

"Mo mọ ohun tí mo ní!"

Wọ́n ṣí i. Bàbá Àwòrán kò fẹ́ wò. Ó wò. Ó ṣì rántí adìyẹ náà: ẹsẹ̀ rẹ̀ pupa, ó máa ń fo títì láàárín ọkọ̀, bó bá dé òdìkejì á kọ lẹ́ẹ̀mẹta. Oṣù mẹ́fà ló fi kọ́ ọ bí yóò ṣe máa rìn. Nínú gbogbo ohun tó ti fi yangàn láyé, òun nìkan ni kì í ṣe irọ́.

BÀBÁ ÀWÒRÁN, ỌBA LÓRÍ DÍÌSÌKÌ.

Wọ́n lọ sí òrùka kejì. A-RÍ-ÒRÙKA-MÁ-FI-SỌ́WỌ́. Wọ́n lọ sí ìkẹwàá. Wọ́n lọ sí àárín, wọ́n lọ dé ìkarùndínlógójì. Oríkì wà níbẹ̀, kò sí orúkọ kan tó sọnù. Adìyẹ ni kò sí.

Olórí akọrin kọ bí àkùkọ, ní ohùn kékeré, lẹ́ẹ̀mẹta. Ibẹ̀ bú gbàù.

Wọn kò tún dárúkọ àlága mọ́. Bàbá Àwòrán mú agbòjò rẹ̀. Ó gbàgbé pátákó. Ó gbàgbé òòlù. Ó ń sọ̀kalẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé sì tò sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn bí ẹni tó ń kí ọba. Ọ̀kan nínú wọn dọ̀bálẹ̀. "Kíbọ́ọ̀dù ni mí, sà."

Ó dé ìta. Oòrùn ti là. Ilẹ̀ ń gbẹ, ọ̀run mọ́ kedere, àwọn ènìyàn sì kún fèrèsé òkè bámúbámú. Ibi tí yóò gbé ojú rẹ̀ sí ló ń wá. Ó ṣí agbòjò ńlá náà, ó fà á wálẹ̀ dé èjìká, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yára rìn lẹ́bàá ògiri.

Láti òkè, Ìyá Aránṣọ yọ orí síta, díìsìkì rẹ̀ wà láyà. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ló fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ gbólóhùn yìí.

"Bàbá Àwòrán! Òjò ti dá o!"